Kíkọ́ Ibùdó Ìtàn fún Eré Ìtàn Orí Tábìlì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lọ nìyí, láti ẹnu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ darí eré àti àwọn tó ti ń darí rẹ̀ tipẹ́. Mo to àwọn tó rọrùn síwájú, àwọn tó le wà lẹ́yìn.

Kí ni eré ìtàn orí tábìlì?

Ẹni mẹ́ta sí mẹ́fà á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí: òun ló ń sọ ohun tó wà níwájú wọn, ohun tí wọ́n gbọ́, ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn yòókù ni olùkópa, kálukú ló sì ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀: ọdẹ, onílù, oníṣègùn, ẹ̀ṣọ́. Wọ́n á sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wọn fẹ́ ṣe. Bí kò bá dájú pé yóò ṣeé ṣe, wọ́n á ju dáìsì. Dáìsì olójú mẹ́fà tí a fi ń ta Lúdò wà nínú rẹ̀, àmọ́ olójú ogún ló gbajúmọ̀ jù.

Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ló kọ́kọ́ dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ àpagbè rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: apàlọ́ ń pa á, ẹlẹ́gbè ń gbè é. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú eré yìí, ẹlẹ́gbè lè sọ pé "Ìjàpá ò ní lọ sílé àna rẹ̀ mọ́ o," apàlọ́ á sì gbà, á máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Kí ni ibùdó ìtàn, báwo ló sì ṣe yàtọ̀ sí ìtàn fúnra rẹ̀?

Ibùdó ìtàn ni ayé tí eré ti ń ṣẹlẹ̀: ilẹ̀, odò, ìlú, ọba, owó, òfin, èèwọ̀, ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé lálẹ́. Ìtàn ni ohun tí àwọn olùkópa bá ṣe níbẹ̀. Olùdarí ló ń kọ́ ilé náà. Ẹni tí yóò sùn ní yàrá wo kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ ya máàpù gbogbo ayé ni?

Rárá. Ìlú kan, ọjà kan, ọ̀nà mẹ́ta tó jáde níbẹ̀, ó tán.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo darí eré, ìjọba mọ́kànlá ni mo yà sórí páálí. Mo sọ ọba kọ̀ọ̀kan lórúkọ, mo sọ baba tó bí i lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni àwọn olùkópa fi wà nínú ọjà kan ṣoṣo. Ìyá aláṣọ kan wà níbẹ̀ tí mo ti sọ pé kì í ta aṣọ funfun, wọ́n sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Mo ní ìdáhùn fún ọba mọ́kànlá, n kò ní fún ìyá aláṣọ. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìlú àròsọ kan tí mo pè ní Ẹnu-Ọ̀dàn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nísàlẹ̀. Ohun márùn-ún péré ni mo kọ nípa rẹ̀ kí a tó jókòó: ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ohun tí wọn kò ní tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà, ẹni tó ń gba owó bodè, ohun kan tó jẹ́ èèwọ̀ fún gbogbo ìlú, àti ìjà ilẹ̀ kan láàárín ìdílé méjì tí kò tíì parí.

Ṣé dandan ni kí ó jọ ilẹ̀ Òyìnbó, kí ilé olódi àwọn ọba wọn àti dírágónì wà níbẹ̀?

Kò sí dandan. Ìwé òfin eré púpọ̀ fi Yúróòpù àtijọ́ ṣe àwòṣe nítorí pé ìtàn ibẹ̀ ni àwọn tó kọ ọ́ mọ̀. Bí a ṣe ń ju dáìsì àti bí ọgbẹ́ ṣe ń dín agbára èèyàn kù kò yí padà bí ìjà náà bá wáyé lábẹ́ ìrókò. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 pàápàá, ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀dà karùn-ún Dungeons & Dragons ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons: ẹnikẹ́ni lè kọ́ ayé tirẹ̀ lé e lórí, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó tà á, bó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un.

Ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà Ọ̀yọ́-Ilé títí dé àwọn ogun ọ̀rúndún 19 ni èmi fi ń ṣe àwòṣe. Mo yàn án nítorí pé ó kún. Ohun tí mo bá kà nípa rẹ̀ lóru lè wọ inú eré lọ́jọ́ kejì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí ìlú yẹ kó wà?

Ẹ bi ilẹ̀ léèrè. Omi ńkọ́? Ọ̀nà ta ló gba ibẹ̀ kọjá? Bí ogun bá dé, níbo ni wọ́n á sá sí? Àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, nítorí pé àpáta ṣeé sá sí. Ibùdó ọmọ ogun ni Ìbàdàn kọ́kọ́ jẹ́, ní nǹkan bí 1829, orúkọ rẹ̀, Ẹ̀bá-Ọ̀dàn, sì sọ ibi tó wà gan-an: etí ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn.

Ààlà igbó àti ọ̀dàn yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ilẹ̀ wa ní fún eré. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́-Ilé. Apá òkè ni wọ́n ti ń rà wọ́n, ilẹ̀ ọ̀dàn sì gba ẹlẹ́ṣin láti sáré. Ṣùgbọ́n eṣinṣin tsetse ń gbé inú igbó, àìsàn tó ń gbé kiri sì ń pa ẹṣin. Ogun tó bo ọ̀dàn mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án kan lè dé etí igbó kí ó dúró. Kòkòrò tí kò tó èékánná ló pààlà fún ìjọba ńlá.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún Ẹnu-Ọ̀dàn. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹlẹ́ṣin ti gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin lówó lọ́wọ́, àwọn alárù ní ẹgbẹ́, olórí alárù sì lè dá ogun dúró nípa kíkọ̀ láti gbé ẹrù. N kò jókòó ronú kan olórí alárù rárá. Eṣinṣin ló bí i.

Bí ẹ bá ń wá ahoro tí àwọn olùkópa yóò wọ̀, Erédò Sùngbọ́ wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: odi amọ̀ àti kòtò tó yí ilẹ̀ náà ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, tí gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó mítà 20 láwọn ibì kan. Igbó ti bò ó báyìí. Ta ló wà á? Kí ni wọ́n ń lé sẹ́yìn? Ẹ fi irú rẹ̀ sínú ayé yín, kí ẹ má dáhùn kíákíá.

Owó wo ni wọ́n á máa ná?

Owó ẹyọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì kà á bí àwọn baba wa ṣe kà á. Wọ́n á sín ogójì sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000, àpò tó tó ẹrù alárù kan.

Ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìṣúra. Nínú ìwé eré, àwọn olùkópa á pa ọ̀tá, wọ́n á da wúrà sápò, wọ́n á máa lọ. Ní Ẹnu-Ọ̀dàn, wọ́n bá ogún ọ̀kẹ́ nínú ihò àpáta, wọ́n sì nílò ogún alárù láti gbé e. Ogún ènìyàn tí yóò mọ̀ pé owó wà. Ogún ènìyàn tí wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́. Ìpàdé eré mẹ́ta la fi gbé owó yẹn délé, ó dùn ju ìjà tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Fún ohun olówó ńlá tí ọwọ́ kan lè gbé, ẹ lo ìlẹ̀kẹ̀. Iyùn wà, sẹ̀gi wà, àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ sì ń fi gíláàsì tí wọ́n ń yọ́ fúnra wọn ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun. Kí ẹ tún bi ara yín léèrè ibi tí owó ti ń wọ̀lú. Láti erékùṣù Maldives, lójú Òkun Íńdíà, ni owó ẹyọ ti ń bọ̀. Ẹni tó bá di etíkun mú, ó di owó mú.

Kàlẹ́ńdà ńkọ́?

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀. Bí a bá ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ èyí tó ń bọ̀, ó di márùn-ún, òun la fi ń pè é ní ọrún. Ọjà ìsán ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ìṣirò kan náà ni. Ẹ fún ìlú mẹ́ta tó súnmọ́ra ní ọjọ́ ọjà tó yàtọ̀, ẹ óò mọ ibi tí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọlọ́ṣà náà á mọ̀.

Ọ̀nà jìn tó báwo?

Ẹ fi ìrìn ẹni tó rẹrù wọ̀n ọ́n: kìlómítà 25 sí 30 lóòjọ́, kí ó dín kù lásìkò òjò. Ẹ fi oníbodè sí ẹnu ọ̀nà ìlú kọ̀ọ̀kan. Oníbodè tó ń gba owó, tó ń wo ojú èèyàn, tó ń rántí, wúlò fún olùdarí ju ọmọ ogun ogún lọ.

Báwo ni mo ṣe lè sọ èèyàn lórúkọ kíákíá?

Orúkọ Yorùbá ń sọ ilé tí èèyàn ti wá, nítorí náà ó ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Àyàn- fún ìdílé onílù, Ọ̀jẹ̀- fún ìdílé eégún, Ifá- tàbí Awó- fún ilé babaláwo, Ọdẹ- fún ọdẹ, Ògún- fún alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ, Ọnà- fún gbẹ́nàgbẹ́nà àti oníṣẹ́ ọnà, Akin- fún jagunjagun, Adé- fún ọmọ ọba. Bí àjòjì kan bá ní Àyánwálé lòun ń jẹ́, tí kò sì mọ ìlù í gbọ́, àwọn olùkópa tó gbọ́n á ti fura.

Àwọn àmútọ̀runwá tún wà: Ìgè tó fẹsẹ̀ wáyé, Àjàyí tó dojú bolẹ̀, Dàda tí irun rẹ̀ ta kókó. Kí ẹ kọ oríkì ìlà mẹ́ta fún ìdílé ńlá kọ̀ọ̀kan. Bí arúgbó kan bá kì wọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, ìlú náà á di ìlú lójú wọn.

Irú ìjọba wo ló dára jù fún eré?

Èyí tí ẹnì kan kò lè dá pàṣẹ nínú rẹ̀. Ọba tó lè ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ kò dùn nínú eré: ẹ pa á, ẹ̀rọ̀ dé. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin wà, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje wà, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Wọ́n lè kọ ọba, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ gbọ́dọ̀ kú. Àwọn Ògbóni náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Arẹ̀-Ọ̀nà-Kakaǹfò ni olórí ogun, kì í sì í gbé ìlú kan náà pẹ̀lú Aláàfin. Ẹ ronú sí ìyẹn: ọ̀gá ọmọ ogun pátápátá, ọ̀nà jíjìn sí ọba, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Ìlọrin, Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó kẹ̀yìn sí Aláàfin, fi ohun tó lè ti ibẹ̀ jáde hàn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí okùn yìí ṣe lè já, ẹ ka ìtàn Baṣọ̀run Gáà, tó gba agbára mọ́ ọba lọ́wọ́ títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774.

Ìbàdàn ni mo máa ń mú fún àwọn olùkópa tí wọ́n fẹ́ gòkè. Kò sí ìdílé ọba kan tó jogún ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19, ẹni tó bá mọ ogun jà, tó lè bọ́ ọmọ ogun púpọ̀, oyè ń dúró dè é, ipò sí ipò. Àjòjì lè débẹ̀ lónìí kó di balógun lọ́la, bí kò bá kú sójú ọ̀nà.

Báwo ni agbára oògùn yóò ṣe máa ṣiṣẹ́?

Orúkọ wọn ti wà nílẹ̀, kò sídìí láti lọ yá ti ẹlòmíì. Egbé ń gbé èèyàn kúrò nínú ewu lójijì. Àféèrí ń mú kí wọ́n má rí i. Kánàkò ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Òkígbẹ́ kì í jẹ́ kí àdá ràn. Gbètugbètu ń mú kí ẹni tí a bá pàṣẹ fún ṣe ohun tí a wí.

Ohun tó ń fún un ní adùn ni èèwọ̀. Nínú ìwé eré, iye ìgbà tí agbára lè ṣiṣẹ́ lóòjọ́ ni wọ́n fi ń dín in kù. Èmi yọ ìyẹn kúrò. Oògùn kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ kan fún ẹni tó ń lò ó: kò gbọ́dọ̀ jẹ ilá, kò gbọ́dọ̀ sọdá omi tó ń ṣàn lálẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ kan òun. Ọ̀tá tó bá mọ̀ ọ́n á fi ilá se ọbẹ̀ fún un. Ìyàwó ilé, aládùúgbò, ọmọ iṣẹ́ di ẹni tó ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ló ń rí ohun tí ọkùnrin náà kì í jẹ.

Ọfọ̀ ńkọ́? Ẹ má fi tipá mú olùkópa kó ké e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnra rẹ̀ hun ìlà mẹ́ta tó dún bí ọfọ̀, ẹ fún un ní àfikún lórí dáìsì. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba tó dìde dúró ké e, gbogbo wa dákẹ́.

Àwọn abàmì wo ni n ó fi sínú igbó?

Iwin, àǹjọ̀nú, ẹbọra, olúwéré inú ìrókò. Àwọn méjì ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ẹgbére kúrú, ẹní wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní náà yóò lówó. Àrọ̀nì ní ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó bá sá fún un gbé, ẹni tó bá dúró gbọ́in-gbọ́in, á kọ́ ọ ní ewé. Kò sí ìkankan nínú wọn tó wà kí á kàn pa á. Ìwà olùkópa ni wọ́n ń dán wò: ṣé ẹ lè gba ẹní lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún?

Ṣé ó tọ́ kí n fi òrìṣà sínú eré?

Ìbéèrè yìí le, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Òrìṣà kì í ṣe ìtàn àtijọ́ tí àwọn tó ni ín ti kú tán. Wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun lọ́dọọdún ní Òṣogbo, nínú igbó tí UNESCO kọ sínú àkójọ Ogún Àgbáyé ní 2005. Wọ́n ń ké pè wọ́n nínú Candomblé ní Brazil àti nínú ẹ̀sìn Lukumí ní Cuba. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì yín lè jẹ́ ọmọ Ṣàngó.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Òrìṣà wà nínú ayé mi bí wọ́n ṣe wà nínú ayé gidi: ojúbọ wọn wà, àwọn àwòrò wọn wà, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wọn wà, àwọn èèyàn ń fi wọ́n búra. Ẹ̀dá-ìtàn kankan kò bá wọn jà. N kò kọ iye agbára Ògún sílẹ̀ kí ẹnì kan lè dá ọgbẹ́ sí i lára. N kò sì fi Èṣù ṣe olórí àwọn ẹni ibi. Àṣìṣe àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ni ìyẹn, kò yẹ kí a tún un ṣe.

Bí ìtàn yín bá nílò àwọn alágbára tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń kú, ẹ dá tiyín sílẹ̀, ẹ fún wọn ní orúkọ tuntun.

Ṣé mo lè lo Ifá dípò dáìsì?

Ẹ mú ìṣirò, ẹ fi ẹsẹ̀ Ifá sílẹ̀. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n bá ti so pọ̀, di 256. Owó ẹyọ mẹ́rin tí ẹ dà lẹ́sẹẹsẹ, ìdojúdé tàbí ìdojúsókè, yóò fún yín ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní 256. Ẹ lè fi èyí ṣe tábìlì ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ẹ pe ipò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín dá. Ẹ má pè é ní Èjì Ogbè, ẹ má sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi ṣeré. Ọdún gbọọrọ ni babaláwo fi ń kọ́ ọ.

Ogun àti òwò ẹrú ńkọ́? Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò?

Ẹni tó bá kọ́ ọ̀rúndún 19 láìsí òwò ẹrú ti purọ́ nípa ohun tí àwọn ogun náà ń jẹ. Ṣùgbọ́n wíwà níbẹ̀ yàtọ̀ sí fífi í ṣeré. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó, kálukú kó sọ ohun tí kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé kí ló dé. Lórí tábìlì tèmi, olùkópa kì í ta èèyàn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ńlá àtijọ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ ti gba Èkó kọjá lọ sí Bahia ní Brazil.

Ìwọ̀fà náà wà: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí gbèsè fi tán, tí iṣẹ́ náà sì dúró fún èlé. Ẹ̀dá-ìtàn tó jẹ́ ìwọ̀fà ti ní ìdí láti jáde nílé lọ wá owó kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lórí tábìlì wa ní London kò gbọ́ Yorùbá. Kí ni n ó ṣe?

Ẹ pe orúkọ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, ẹ má gé e kúrú nítorí wọn. Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta lọ́jọ́ eré kọ̀ọ̀kan tó, kí wọ́n wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹni tí oníbodè bá lé padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò kí i kò ní gbàgbé "ẹ kú iṣẹ́" mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú Òyìnbó tó ń tijú Yorùbá rẹ̀ lè sọ ọ́ lẹ́nu ẹ̀dá-ìtàn kó tó lè sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Mo ti rí i.

Àwọn olùkópa ń ba ohun tí mo kọ́ jẹ́. Wọ́n sun ọjà níná!

Ẹ jẹ́ kó jó. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè: níbo ni àwọn ọlọ́jà máa tà lọ́rún tó ń bọ̀? Ìlú wo ni yóò gba oníbàárà wọn? Ta ló jẹ́ wọn ní gbèsè tó ń dúpẹ́ pé ìwé jóná? Ibùdó tó dára kì í dúró láìyípadà; ó máa ń dáhùn.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bá yín kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìyá aláṣọ tí n kò ní ìdáhùn fún nígbà náà, olùkópa kan ló sọ pé bóyá aṣọ funfun tí ìyá náà tà kẹ́yìn ni wọ́n fi sin ọkọ rẹ̀, tí kò sì mọ̀ nígbà tó ń ná an. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo kọ́ ti tó láti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ènìyàn mẹ́ta nínú ìlú náà: ọ̀kan lọ́jà, ọ̀kan láàfin, ọ̀kan ní bodè. Bí ẹ bá lè sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ láàárọ̀, ẹni tó jẹ ní gbèsè, àti ohun tí kò ní ṣe láéláé, ẹ pe àwọn èèyàn yín wá jókòó.